Kì í Ṣe Afẹ́fẹ́ Ló Jẹ Ojú Ère Náà

Ẹ̀yin ará abúlé wa, àti ìwọ Fenglan ọmọ Miao ní pàtàkì, mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ èyí kí n tó kú. Dókítà ti sọ ohun tó ń ṣe ẹ̀dọ̀fóró mi, kò sì fi nǹkan kan bò. Kì í ṣe ikú ni mò ń bẹ̀rù. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé irọ́ mi yóò kù lẹ́yìn mi, tí kò ní sí ẹni tí yóò já a mọ́.

Ẹ mọ ère kékeré tó wà lápá òsì Búdà ńlá nínú ihò àpáta kẹta, èyí tí kò ní ojú. Lọ́dún tó kọjá, mo jókòó sẹ́nu ihò náà, mò ń sinmi, nígbà tí ọmọbìnrin tó ń mú àwọn àlejò káàkiri kó wọn débẹ̀. Ó ní, "Ẹ wo eléyìí. Afẹ́fẹ́ àti yanrìn ló jẹ ojú rẹ̀." Ìyá kan tó gbé tùràrí dání bú sẹ́rìn-ín. "Afẹ́fẹ́ wo nìyẹn, ọmọ mi? Ṣé ó bá a ṣọ̀tá ni? Àwọn mẹ́ta tó tò tì í, ojú tiwọn pé!" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín, torí ẹ̀rù bà mí. Kì í ṣe afẹ́fẹ́. Ọwọ́ mi ni.

Mo ti jẹ́ ìyá ọmọ rí. Ọ̀pọ̀ nínú yín kò mọ̀. Yumei lorúkọ ọmọ mi. Ibà ló gbé e lọ nígbà òtútù, nígbà tí eyín iwájú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ká. Ọkọ mi wà lọ́nà jíjìn níbi tí wọ́n ti ń wa èédú; wọ́n ti sin ọmọ kó tó gbọ́. Ní abúlé wa, orúkọ ọmọ la fi ń pe ìyá. Àmọ́ bí wọ́n ṣe sin Yumei báyìí, gbogbo èèyàn pa orúkọ náà tì. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ tún ṣí egbò mi. Mo padà di Lian, mo di ìyàwó ilé Dou, ìdílé ọkọ mi. Ẹnì kan ṣoṣo ló ṣì ń pè mí ní Ìyá Yumei, Miao tó ń ṣọ́ àwọn ihò, bàbá Fenglan. Ìyàwó rẹ̀ ti kú ṣáájú, ó mọ bí ilé ṣe ń dákẹ́.

Nígbà tí yìnyín yọ́, mo gun àtẹ̀gùn pákó tó rọ̀ mọ́ àpáta lọ sókè, kí n lọ sun tùràrí fún ọmọ mi. Miao ti sọ̀ kalẹ̀ lọ pọnmi, kò ti ilẹ̀kùn. Mo gbójú sókè, mo rí ère kékeré yẹn. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ yọ díẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó fi nǹkan pamọ́ sẹ́yìn. Bí Yumei ṣe máa ń ṣe nìyẹn tó bá ti jí ṣúgà jẹ. Mo fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀, ó mì, òtútù ti la òkúta náà. Ó wù mí kí n sọ pé orí rẹ̀ já lé mi lọ́wọ́ fúnra rẹ̀. Irọ́ ni. Ọwọ́ méjèèjì ni mo fi yí i, bí a ṣe ń já elégédé lára ìtàkùn, mo sì fi ìborùn mi wé e, mo gbé e lọ sílé bí ẹni gbé ọmọ.

Mo yọ bíríkì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn amọ̀ mi, níbi tí iná tí a ń dá sábẹ́ rẹ̀ nígbà òtútù kì í dé, mo tọ́jú rẹ̀ síbẹ̀. Lójoojúmọ́ ni mò ń gbé e jáde. Mo máa ń fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ nu ojú rẹ̀, mo máa ń sọ ohun tí mo sè fún un. "Yumei, núdù ni lónìí o. Mo ti tún fi iyọ̀ bà á jẹ́."

Kò pẹ́ tí ọ̀gá ìjọba kan fi wá láti ìlú nítorí orí ère tó sọnù. Wọ́n pe gbogbo wa jọ sí ibi ìpakà. Ó béèrè ẹni tí kọ́kọ́rọ́ ihò wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Èmi ni," Miao dáhùn.

"Ìwọ lo tà á nígbà náà."

"Ọ̀gá, bí mo bá ta orí ère, ṣé bàtà yìí ni ǹ bá wọ̀?" Ó gbé ẹsẹ̀ sókè, ọmọ ìka rẹ̀ ń yọjú níwájú bàtà. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Inú bí ọ̀gá náà. Ó ní àwọn yóò tú ilé gbogbo, títí kan ibùsùn.

Ẹ̀gbẹ́ ibùsùn mi ni orí náà wà. Kò sí ẹni tó bi mí léèrè o, ẹ̀yin èèyàn mi. Èmi ni mo bọ́ síwájú fúnra mi. Mo ní, "Mo rí i. Mo rí Miao tó gbé ẹrù kan tó fi aṣọ dì sọ̀ kalẹ̀ láti orí àpáta."

Òótọ́ ni. Mo kàn gé e kù ni. Ilé mi ni ẹrù náà ń bọ̀. Búrẹ́dì tí a fi ooru omi sè ló wà nínú rẹ̀. Ó gbé e kọ́ ẹnu ilẹ̀kùn mi, ó kan ilẹ̀kùn, ó wúkọ́, ó sì sọ láti ìta pé, "Ìyá Yumei, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ díẹ̀. Èmi ni mo pò ó, ẹ má wo bó ṣe wọ́."

Ọ̀gá yíjú sí i. "Kí ló wà nínú ẹrù náà?"

Miao wò mí. Bó bá sọ ọ́, wọn yóò béèrè ohun tí ọkùnrin tí kò ní ìyàwó ń wá lẹ́nu ọ̀nà obìnrin tí ọkọ rẹ̀ kò sí nílé. Ẹ mọ bí ẹnu abúlé yìí ṣe rí. Ó gbójú kúrò lára mi. "Mi ò rántí," ó ní. Èmi tí mo mọ̀, mo padà sáàárín èrò.

Wọ́n mú un lọ ru òkúta níbi tí wọ́n ti ń mọ ìsédò. Nígbà tó fi máa padà dé, ikọ́ ẹlẹ́jẹ̀ ló ń wú. Fenglan, àwọn ọmọdé ń pè ọ́ ní ọmọ olè-orí, mò ń gbọ́ ọ láti ojú fèrèsé mi, mo sì ń ti fèrèsé. Mo pàdé bàbá rẹ lẹ́bàá kànga kó tó kú. Mo rò pé yóò tutọ́ sí mi lójú. Ó ní, "Ìyá Yumei, ṣé ẹ ń jẹun?"

Ihò èédú wó lu ọkọ mi, kò sì sẹ́ni tó kù nílé àfi èmi àti òkúta. Nígbà tí ìjọba kó wa lọ sí ilé alájà, tí wọ́n fẹ́ wó ilé wa, mo gbé e jáde síta nínú oòrùn. Ìgbà yẹn ni mo tó rí i dáadáa. Kò ní imú mọ́, kò ní ẹ̀rín. Mo ti nu ojú ọmọ náà títí ó fi dán bí ẹyin. Mo gbé e sínú kòtò nísàlẹ̀ àpáta, àwọn òṣìṣẹ́ rí i, wọ́n lẹ̀ ẹ́ padà mọ́ ọrùn rẹ̀. Mo rò pé yóò wẹ orúkọ Miao mọ́. Ẹ̀yin ará abúlé ní, "Ẹ ò rí i? Ẹ̀rù ló ba olè yẹn tó fi jù ú síbẹ̀."

Fenglan, ìwọ lo kọ́ èmi arúgbó ní ìwé. O ní, "Màmá, kí lẹ kọ yìí? Ó dà bí adìẹ tí òjò pa!" O wá di ọwọ́ mi mú, o ń tọ́ ọ lórí ìwé. Ọwọ́ yẹn náà ni. Mi ò ní kí o dárí jì mí lónìí. Bó bá ṣeé ṣe lọ́jọ́ kan, mo bẹ̀ ọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ilé bá dákẹ́ jù fún yín, ẹ jáde, ẹ kan ilẹ̀kùn ẹlòmíràn. Ẹnì kan ti kan tèmi rí, mi ò ṣí i fún un. Ẹ sì bá mi sọ fún ọmọbìnrin tó ń mú àlejò káàkiri pé kó má sọ pé afẹ́fẹ́ ni mọ́. Kó sọ pé Lian ni. Kó sọ pé búrẹ́dì ló wà nínú ẹrù Miao, ó sì ṣì gbóná nígbà tó gbé e dé.