Kílò Mẹ́rin Tí Mo Fi Pamọ́ Sínú Òṣùwọ̀n

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bínú sí mi, ẹ jẹ́ kí n rojọ́ mi tán ná. Ọ̀rọ̀ yìí ti pé ọdún mẹ́rin nínú mi. Ǹ bá gbé e wọ sàréè, àmọ́ ìyàwó ọmọ mi fẹ́ fi òṣùwọ̀n kan ta aládùúgbò wa lọ́rẹ lọ́jọ́ Sátidé, èmi nìkan ni mo sì mọ̀ pé òpùrọ́ ni òṣùwọ̀n náà.

Ará Ẹ̀pẹ́ ni mí. Ẹja yìnyín ni mo tà kí n tó fẹ̀yìn tì. Ọmọ mi àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé ní Ìkòròdú, Èkó ni àwọn méjèèjì sì ti ń ṣiṣẹ́. Ìdájí ni ìyàwó ọmọ mi, tí mo ń pè ní ìyàwó mi, ń jáde lọ wọ ọkọ̀ ojú omi ní Ìpakodò, ó di ìrọ̀lẹ́ kó tó padà. Wọ́n ní kí n wá máa bá wọn tọ́jú Rọ́fíà, ọmọ ọdún méje.

Rọ́fíà sanra nígbà náà. Tánkà ni wọ́n ń pè é níléèwé. Nọ́ọ̀sì kan tó yẹ̀ ẹ́ wò ní ká dín míníràlì, bisikíìtì àti oúnjẹ olóròóró kù, ká jẹ́ kó máa sáré ṣeré, ká sì máa wọ̀n ọ́n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ìyàwó mi ra òṣùwọ̀n tí èèyàn ń gùn, ó gbé e sí yàrá.

Èmi ò gbà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi yé. Níbi tí wọ́n ti tọ́ mi, ọmọ tó bá rí rọ̀bọ̀tọ̀ ni ọmọ tí wọ́n tọ́jú. Mo rò ó pé bí ọmọ yìí bá tín-ín-rín dé Ẹ̀pẹ́, wọn á ní ìyá àgbà ló ń jẹ oúnjẹ mọ́ ọn lọ́wọ́. Bí ìyá rẹ̀ bá ti lọ tán, mo máa ń se ìkọ́kọrẹ́ elépo fún un, màá fi míníràlì tẹ̀ lé e. Inú àpótí aṣọ mi ni bisikíìtì wà.

Kílò ń gòkè. Lọ́jọ́ kan ìyàwó mi jókòó ti òṣùwọ̀n náà, ó sunkún, ó ní bóyá òun ni òun ò mọ ọmọ tọ́. Kàkà kí n jẹ́wọ́, ọgbọ́n ìsọ̀ ẹja ló sọ sí mi lọ́kàn. Mo mọ òṣùwọ̀n bí ẹni mowó. Ohun kékeré kan wà lábẹ́ rẹ̀ tí wọ́n fi ń yí ọwọ́ rẹ̀ tó ń tọ́ka sí nọ́ńbà. Bí mo bá ti kírun Jímọ̀ tán, màá yí i sẹ́yìn díẹ̀. Ẹni tó bá wò ó kó tó gùn ún á rí i pé ọwọ́ rẹ̀ kò sí lórí òdo, ṣùgbọ́n ta ló ń wo òṣùwọ̀n kó tó gùn ún?

Kó tó di oṣù méjì, mo ti yọ kílò mẹ́rin. Ìyàwó mi jó. Òun náà gùn ún, àṣé òun náà ti fọn! Ó lọ ra síkẹ́ẹ̀tì tuntun, kò wọ̀ ọ́, ó ní àwọn oníṣòwò kì í kọ nọ́ńbà tòótọ́ sára aṣọ mọ́. Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, ojú sì ń tì mí. Nígbà tí nọ́ọ̀sì ní ká padà wá, mo ní ẹsẹ̀ ń dùn mí.

Wọ́n wá gba ọlidé, mo mú Rọ́fíà lọ sí Ẹ̀pẹ́. Àwọn ọmọ ilé wa sáré lọ sétí ọ̀sà. Ó sáré tẹ̀ lé wọn, kò dé ìdajì ọ̀nà. Mo bá a lórí ọkọ̀ ọlọ́pọ́n kan tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

“Ìyá Ẹ̀pẹ́,” ó ní, “ẹ bá mi sọ fún wọn kí wọ́n dúró dè mí.”

Òun ò sunkún. Èmi ni mo sunkún. Wọn kì bá dúró, ọmọdé ni wọ́n, èmi ni mo sì so ẹrù mọ́ ọn lẹ́sẹ̀.

Bí a ṣe padà dé, mo kó gbogbo bisikíìtì inú àpótí mi dà nù. Tẹ́lẹ̀, ọ̀kadà la máa ń gùn láti ibùdókọ̀ Agric dé ilé, a bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ rìn. Gbogbo ilé ń jẹ ẹja àti ẹ̀fọ́, kó má baà dà bíi pé òun nìkan là ń fìyà jẹ. Lẹ́yìn ìyẹn, a máa ń ṣeré tẹ́ń-tẹ́ń, à ń pàtẹ́wọ́, à ń jusẹ̀. Ìró mi tú lọ́jọ́ kan, gbogbo àdúgbò rẹ́rìn-ín. Ayé mi kò dùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Ọmọ náà ń ga, ara rẹ̀ sì fúyẹ́ ní tòótọ́, nọ́ọ̀sì náà yìn wá.

Ṣùgbọ́n mi ò lè yí òṣùwọ̀n padà. Bí mo bá yí i, kílò mẹ́rin á já wọlé lẹ́ẹ̀kan náà.

Ní oṣù tó kọjá, Rọ́fíà sáré níléèwé, ó gbapò kejì. Mo pariwo orúkọ rẹ̀ títí. Ìyàwó mi kúnlẹ̀ lójú gbogbo èèyàn, ó ní, “Màámi, ẹ̀yin lẹ gba ọmọ yìí là fún mi.” Ó wá ní òṣùwọ̀n oríire ni tilé wa, òun á fún Ìyá Ìbúràímù, aládùúgbò wa, tí ọmọkùnrin rẹ̀ náà sanra.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? N kò fẹ́ kó tan ìyá mìíràn jẹ. Ẹ bá mi bẹ ìyàwó mi. Bó o bá ń ka ìwé yìí, ìyàwó mi, dárí jì mí, má sì gun òṣùwọ̀n tí kì í purọ́ kó o tó mu tíì. Kílò mẹ́rin tó o fọn, èmi ni mo fún ọ. Ti Rọ́fíà nìkan ni òótọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló fi rìn ín.