Àwọ̀n Tí Kò Jẹ́ Kí Ọkọ Mi Jẹun

Ẹ má wulẹ̀ ní kí n jókòó, Ìyá Zoya, mi ò jókòó, ta ló ń jókòó nígbà tí ebi ń pa ọkọ rẹ̀ lóde? Hẹn-ẹn, ọkọ mi ni mo wí. Mo mọ̀ pé ó ti kú. Ṣé mo wá lè gbàgbé ìyẹn ni? Ọdún kejì rèé tí Dattatray ti lọ, òní gan-an sì ni ọjọ́ tirẹ̀ nínú àwọn ọjọ́ tí a fi ń fún òkú ilé wa lóúnjẹ. Oúnjẹ rẹ̀ ló wà lọ́wọ́ mi yìí, ẹ wò ó, lórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, ìrẹsì tí a fi wàrà sè, àkàrà, ọbẹ̀ ẹlẹ́gẹ́dé, gbogbo ohun tó fẹ́ràn. Àárọ̀ la ti sè é. Ó ti tutù. Oòrùn ti yẹ̀ lórí, kannakánná kan ò sì tíì fi ẹnu kàn án.

Ẹ̀yin náà kúkú mọ̀ ọ́n, ẹ ti bá àwa ẹlẹ́sìn Híńdù gbé pẹ́ ní Pune yìí. Kannakánná ló ń kọ́kọ́ jẹ ẹ́. Bó bá jẹ ẹ́, òkú ti jẹ ẹ́ nìyẹn, àwa alààyè á wá jókòó ti tiwa. Bí kò bá jẹ ẹ́, ẹnikẹ́ni nínú ilé kò gbọdọ̀ fi nǹkan kan ẹnu. Nígbà tí a wà ní Satara, mi ò tíì ní gbé ewé sílẹ̀ tán lórí òrùlé ilé ìdáná tí wọ́n á ti bà, wọ́n á máa ti ara wọn bí ọmọ iléèwé. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tó ń tiro, mo mọ̀ ọ́n sójú.

A ta ilé Satara. Hemant ní, "Màmá, ẹ ò lè dá gbé níbẹ̀, ẹ máa bọ̀ lọ́dọ̀ wa." Ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí ló sọ bẹ́ẹ̀, kí ni mo fẹ́ wí? Mo wá. Mò ń fi ẹ̀rọ agbénisókè gun àjà kọkànlá bí ẹni tó ń lọ sọ́run láàyè. Wọ́n ń jẹun alẹ́, olúkúlùkù ń wo fóònù tirẹ̀, mo dákẹ́. Alálùpùpù ń gbé ọbẹ̀ wá sẹ́nu ọ̀nà ilé tí obìnrin méjì wà, ọbẹ̀ tí mi ò mọ ọwọ́ ẹni tó sè é, mo dákẹ́. Èyí ni mi ò ní dákẹ́ sí.

Ketaki ìyàwó ọmọ mi ló ní kí wọ́n so àwọ̀n mọ́ bàkónì. Ẹ ti rí i láti ibi yín, ẹ má purọ́ fún mi. Mo lọ kí àbúrò mi, ìgbà tí mo dé, wọ́n ti fi àwọ̀n bo gbogbo bàkónì látòkè délẹ̀ bí ilé adìyẹ. Ó ní ẹyẹlé ń ṣu sórí aṣọ. Mo ní kò burú, ẹyẹlé náà ti pọ̀ jù. Èmi náà ò rò ó dé òní.

Mi ò ní purọ́ mọ́ ọmọ ọlọ́mọ o. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tí Ketaki ti dìde. Òun ló lọ ẹ̀wà àkàrà yìí, kò fi àlùbọ́sà sí i, kò fi aáyù sí i, kò tọ́ ọ wò, ó ṣe é bó ṣe yẹ. Ẹnu mi ti fẹ́ yìn ín. Mo gbé ewé jáde, mo pè wọ́n, kaa, kaa. Ọ̀kan wá, Ìyá Zoya. Ó fò wá láti orí dóńgóyárò ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, ó bà sórí irin, ó wo oúnjẹ, ó fi ẹnu ta àwọ̀n, ó wá wò mí. Ojú tó fi wò mí yẹn, ojú Dattatray ni nígbà tí tíì rẹ̀ bá pẹ́. Mo fẹ́ fi ìka ti ìrẹsì gba ojú àwọ̀n sí i, ó dà nù. Ẹyẹ fò lọ. Mo sunkún, kí n má tàn yín.

Ẹ wá gbọ́ tọmọ mi. Ó jáde látinú yàrá tó ti ń bá ọ̀gá rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí kọ̀ǹpútà, ó ní kí n fún ẹyẹlé, pé ẹyẹ ṣáà lẹyẹ, bí a ò bá rí àdán, à á fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Bàbá tó gbé e léjìká lọ síléèwé ló fi wé ẹbọ òòbẹ̀. Mo ní kó gé àwọ̀n. Ó ní àwọn tó so ó ni yóò wá tú u, ó di ọjọ́ Ajé. Ṣé òkú á fi ebi sùn di ọjọ́ Ajé? Mo ní kó mú mi lọ sórí òrùlé. Ó ní ẹgbẹ́ onílé ti tì í pa, wọn ò fẹ́ oúnjẹ ẹyẹ níbẹ̀. Ló bá mú fóònù. Ó ní àlùfáà kan wà létí odò ní Nashik tó ń bá àwọn tọ́wọ́ wọn dí ṣe é. Kò pẹ́, fídíò dé, ó gbé e sójú mi. Kannakánná kan ń jẹ ìrẹsì gbẹrẹfu, ẹnì kan ń sáré pe orúkọ ọkọ mi bí ẹni pe èrò ọkọ̀. Hemant ní, "Bàbá ti jẹun, Màmá, ẹ jẹ́ ká jẹun." Ẹ bá mi bi í, oúnjẹ ta ni bàbá rẹ̀ jẹ? Ọkọ mi ò mọ ẹnikẹ́ni ní Nashik.

Ohun tí mo fi kanlẹ̀kùn yín nìyẹn. Bàkónì tiyín ò ní àwọ̀n. Ká ní ìyá ọkọ mi wà láyé, tó gbọ́ pé mo gbé oúnjẹ òkú wọ ilé Mùsùlùmí, ì bá fi ìbínú kú. Kó fi kú. Ọmọ rẹ̀ ni ebi ń pa. Ẹ ń se ẹran lọ́wọ́? Ó dáa, ẹ ṣáà ti ilẹ̀kùn ilé ìdáná, kí òórùn ẹran má kan oúnjẹ òkú. Ẹ bá mi ká aṣọ yẹn kúrò lórí okùn. Ẹ ṣeun, mi ò ní gbàgbé yín.

Kaa. Kaa. Òun nìyẹn. Ẹ má mira.

Kò jẹ ẹ́. Ẹ wò ó, ó bà, kò jẹ ẹ́. Ohun kan wà tí òkú ṣì ń fẹ́ nìyẹn, àfi ká máa ṣèlérí fún un títí a ó fi ṣe kòńgẹ́ rẹ̀. Dattatray, mo gbọ́, mo máa máa lo oògùn mi déédéé. Kò jẹ ẹ́. Hemant ò ní ta kẹ̀kẹ́ rẹ. Rárá. Mi ò ní bá Ketaki jà mọ́. Ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mi ò ní sọ̀rọ̀ fóònù, mi ò ní sọ̀rọ̀ alálùpùpù, mo máa di odi. Ẹ rí i, ó tún sún sẹ́yìn. Kí lo wá fẹ́, ọkùnrin yìí? Ṣé kí n máa dákẹ́ títí wọ́n á fi fi àwọ̀n bo èmi náà mọ́lẹ̀ ni? Ó tó. Mo máa gé e. Lónìí yìí, lójú Hemant, lójú Ketaki, èmi Vatsala ni mo máa fọwọ́ ara mi gé àwọ̀n yẹn, kí wọ́n so òmíràn, kí n tún gé e.

Ó jẹ ẹ́. Ìyá Zoya, ó jẹ ẹ́, ó gbé odindi àkàrà. Hà, bàbá yìí, oníjàngbọ̀n, ó fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe bí ẹni jẹ́jẹ́. Ẹ jẹ́ n rẹ́rìn-ín o jàre, ó ti pẹ́. Àlùmọ́gàjí yín dà? Èyí tó mú dáadáa ni kẹ́ ẹ fún mi.