Wáyà Tí Màmá Fi Ń Sáṣọ

Ẹ̀pà sísè ni ìyàwó mi ń bó sí mi lọ́wọ́ nínú ọkọ̀ Ìlọrin, ní ọjọ́ ìkẹyìn tí a jọ lò pọ̀, nígbà tí màmá kan tí wọ́n jókòó níwájú wa rí wáyà bàbà lórí itan ọmọ wọn tó ń kàwé ní yunifásítì.

“Ṣé kì í ṣe okùn tí mo fi ń sáṣọ nìyí?”

“Òun ni, Màmá. Ẹ má bínú. Wáyà rédíò Bàbá ni tẹ́lẹ̀. Láyé tí nǹkan le yìí, kò sí irú rẹ̀ lọ́jà mọ́, iṣẹ́ ìwádìí mi sì ti dúró.”

“Kí lo fẹ́ fi í ṣe?”

“Mo máa wé e mọ́ ìgò gígùn kan tí òòfà yí ká. Bí mo bá rán irú iná tí ilé-iṣẹ́ rédíò fi ń ránṣẹ́ gba inú wáyà, ìwọ̀nba afẹ́fẹ́ tí mo bá ṣẹ́kù sínú ìgò á tàn. Mo ti wé èyí tó kúrú bí òrùka, etí ìgò nìkan ló tàn. Bí mo bá lọ́ èyí bí ìtàkùn tó gun igi, ìmọ́lẹ̀ á dé àárín.”

“Wáyà á wọnú ìgò?”

“Rárá, ìta ló máa wà.”

“Kò fọwọ́ kàn án, ó sì tàn?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá.”

“Bàbá rẹ náà nìyẹn! Bó bá ti wúkọ́ lójúde báyìí, ojú mi á ti tàn ní yàrá.”

Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Ìyàwó mi ń tún un sọ sí mi létí: “Kò fọwọ́ kàn án, ó sì tàn.”

Màmá sọ̀kalẹ̀ ní Àjàṣẹ́-Ìpo, wọn ò mú wáyà. “Lọ́ ọ dáadáa o. N ó máa sáṣọ sórí ọgbà.”

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìsìnkú ìyàwó mi, mo fọ ṣẹ́ẹ̀tì kan fúnra mi, mo sì sá a sórí okùn tí òun fúnra rẹ̀ so sílẹ̀ kó tó kú.