Mo Jẹ́ Kí Ẹ Ṣe Fídáù fún Alààyè

Ẹ̀yin tí ẹ pé jọ sí mọ́ṣáláṣí ní Humble ní ọjọ́ Àìkú yẹn, tí ẹ ń ṣe àmín sí àdúrà fídáù Bàbá Àrẹ̀mú, ọ̀rọ̀ kan wà lọ́fun mi tí n kò lè gbé mì mọ́. Bàbá ò tíì kú lọ́jọ́ náà. Bí ẹ ṣe ń bẹ Ọlọ́run pé kó fi ọ̀run kẹ́ wọn, wọ́n wà lórí àga wọn ní Sugar Land, wọ́n ń mu ògì, wọ́n ń bá mi jà pé ṣúgà rẹ̀ kéré. Èmi ni mo fi ìka ọwọ́ mi pa wọ́n lórí fóònù. Mojọlá ni orúkọ mi, Gulfton ni mò ń gbé ní Houston, ní Amẹ́ríkà níbí, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni mí. Ọmọdé kọ́ ni mí. Ẹ má bá mi wá àwáwí.

Olùkọ́ ìtàn ni Bàbá kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Wọ́n ń kọ ìwé kan lédè Yorùbá lórí àwọn ọba Kásáìtì tó jọba ní Bábílónì, ó lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ọdún sẹ́yìn. Ọwọ́ wọn ń gbọ̀n, torí náà èmi ni mò ń bá wọn tẹ̀ ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà ní gbogbo Sátidé. “Àjèjì ni wọ́n, Mojọlá,” ni wọ́n máa ń sọ. “Láti orí òkè ni wọ́n ti sọ̀ kalẹ̀ wá sílùú onílùú, ìdílé wọn sì jókòó sórí oyè fún bí irinwó ọdún. Àwa náà dé Houston, a ò tíì jẹ káńsẹ́lọ̀.” Màá rẹ́rìn-ín, màá máa tẹ̀wé lọ. Ká sọ òótọ́, àwọn ọba yẹn ò jẹ́ nǹkan kan lójú mi. Ìwé ìfẹ́ ni mo fi dàgbà, àwọn pẹlẹbẹ yẹn, níbi tí àwọn tó ti sọnù síra wọn ti máa ń pàdé ní pápákọ̀ òfúrufú, tí òjò á máa rọ̀, tí gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ á sì ti tán lójú ìwé tó kẹ́yìn. Àfi ọjọ́ tí a dé orí Kadaṣimani-Ẹnlili. Bàbá ọba Kásáìtì yìí ti fi ọmọbìnrin rẹ̀, arábìnrin ọba náà, fún Fáráò ní Íjíbítì láti fi ṣe aya, torí bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọba ṣe ń so ilé pọ̀ mọ́ ilé nígbà náà. Ọdún gorí ọdún, kò gbúròó rẹ̀ mọ́. Ó rán ìránṣẹ́ lọ. Wọ́n mú obìnrin kan jáde sí wọn, wọ́n ní òun nìyẹn. Obìnrin náà ò la ẹnu sọ nǹkan kan, àwọn ìránṣẹ́ náà ò sì mọ ojú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, torí náà wọn ò lè sọ bóyá òun ni tàbí ọmọ tálákà kan. Nígbà tí mo gbójú sókè, omi ń dà lójú Bàbá. Ìgbà yẹn ni wọ́n sọ fún mi pé àwọn náà bí ọmọbìnrin kan, Fàúsátù, tí àwọn fi sílẹ̀ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Ìlọrin nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́ta. Ìjà àwọn àti ìyá rẹ̀ ló gé ọ̀nà. Àṣàbí ni oríkì rẹ̀. Àwọn gbọ́ pé ó ti wà ní Amẹ́ríkà yìí. “Bá mi wá a, ọmọ mi. Dókítà ní ọkàn mi ò lè gbé mi jìnnà mọ́.”

Mo kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo Fàúsátù tí mo rí lórí Facebook. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, kò sẹ́ni tó dáhùn. Bí mo bá ti ń wọlé ni Bàbá á bi mí pé, “Ṣé o rí i?” Wọ́n wá ń rù sí i. Lọ́jọ́ kan a dé ibi tí ọba yẹn kan náà ti ní kí Fáráò fún òun ní ọmọ rẹ̀ fẹ́, tí Fáráò ní a kì í fi ọmọ ọba Íjíbítì fún ará ìta. Ọba Kásáìtì kọ̀wé padà pé kó fi obìnrin arẹwà èyíkéyìí ránṣẹ́ bí ẹni pé ọmọ rẹ̀ ni, ta ló máa sọ pé òun kọ́? Bàbá rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi dé. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé.

Èmi àti Delight la jọ ń gbé apartment. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni, ó sún mọ́ ọjọ́ orí Fàúsátù, àmọ́ Houston níbí ni wọ́n bí i sí. Mo ní kó wá ṣe bíi Fàúsátù níwájú Bàbá. “Girl, ṣé orí ẹ pé?” ló bi mí. “Èmi tí mi ò mọ̀ ju ẹ káàárọ̀ lọ?”

“O ò ní sọ̀rọ̀. Kúnlẹ̀, kó o máa sunkún.”

“Tí wọ́n bá wá bi mí ní nǹkan ńkọ́?”

“Sunkún sí i.”

Ó kúnlẹ̀ lóòótọ́. Bàbá fi ọwọ́ méjèèjì tó ń gbọ̀n yẹn gbá a lórí mú, wọ́n pè é ní Àṣàbí, Delight sì bú sẹ́kún gidi, torí òun náà ò mọ bàbá tó bí i. Bàbá ṣí fìlà. “Foríjì mí,” ni wọ́n wí. “Ìgbéraga ni mo fi fi ẹ́ sílẹ̀. Kì í ṣe pé mi ò fẹ́ràn ẹ.” Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti ń dì sínú láti ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n, ẹlòmíì ni wọ́n sọ ọ́ fún. Èmi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, mò ń sunkún ayọ̀. Ẹ gbọ́ o, ayọ̀!

Ní ọjọ́ kẹta, mo wà níbi iṣẹ́ mi ní daycare, àwọn ọmọ ń sùn lọ́sàn-án, ọ̀rọ̀ kan wọlé sórí fóònù mi. “Ẹ ǹlẹ́ o. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ọ̀rọ̀ yín ni. Àrẹ̀mú ni orúkọ bàbá mi, Àṣàbí ni wọ́n ń pè mí nílé. Humble ni mò ń gbé. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé wọ́n ṣì wà láàyè?” Tí Àǹtí Fàúsátù bá wá, Bàbá á mọ irú ẹni tí mo jẹ́. Mo sọ fún ara mi pé ọkàn Bàbá ò ní lè gbà á, mo pè é ní àánú. Irọ́ ni. Ara mi ni mò ń ṣàánú. Mo tẹ̀ ẹ́ pé, “Ẹ kú ìrọ́jú. Bàbá ti kú.” Mo fi ránṣẹ́. Wọ́n tún kọ̀wé: “Ibo ni wọ́n sin wọ́n sí? Mo fẹ́ lọ ṣàdúà níbẹ̀.” Mo ki fóònù bọ àpò, mo lọ jí àwọn ọmọ.

Àmọ́ mi ò yé yọ́jú sójú ìwé Àǹtí Fàúsátù lórí Facebook bí olè. Bí mo ṣe rí fídíò fídáù yín tó ń lọ lọ́wọ́ nìyẹn, lọ́sàn-án Àìkú, mo jókòó ti Bàbá níbi tí wọ́n ti ń mu ògì. Mo tẹ̀ ẹ́ láìmọ̀ pé ohùn máa jáde. Ààfáà pariwo orúkọ wọn. Bàbá gbé kọ́ọ̀pù sílẹ̀. “Ta ló ń pè mí?”

“Kò sẹ́nìkan, Bàbá.”

“Mo gbọ́ orúkọ mi.”

“Kò sẹ́nìkan, Bàbá.”

Mo tún dákẹ́ fún ọjọ́ mẹ́rin. Ní ọjọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, Bàbá ń bi mí pé, “Àṣàbí ò tún wá mọ́?” Ní Alámìsì, nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú Bàbá pè mí pé wọn ò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Ìgbà yẹn, ìgbà yẹn nìkan, ni mo tó pe Àǹtí Fàúsátù. Mo ní bàbá wọn ò kú. Wọ́n ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. “Ta ni mo wá ń ṣe fídáù fún?” ni wọ́n bi mí. “Ìwọ ọmọ yìí, ta ni mo kó èèyàn jọ lé lórí?”

Ó tó wákàtí méjì kí wọ́n tó já gbogbo mọ́tò orí freeway kọjá dé Sugar Land. Wọ́n kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. “Bàbá, èmi ni. Àṣàbí nìyí.” Bàbá la ojú, wọ́n wo Àǹtí Fàúsátù bí èèyàn ṣe ń wo àlejò, wọ́n wá yí ojú kọjá lára ọmọ wọn sí ẹnu ọ̀nà. Delight ni wọ́n ń retí. Àǹtí Fàúsátù rí i. Èmi náà rí i. Kí ilẹ̀ Jímọ̀ tó ṣú, Bàbá kú.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Àǹtí Fàúsátù pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò. “Mi ò ní ṣépè fún ẹ. Àmọ́ mi ò tíì dárí jì ẹ́, má tan ara ẹ jẹ. Àwọn tó bá mi ṣàdúà ń bi mí pé ẹ̀ẹ̀melòó ni bàbá mi kú. Ìwọ ni kó o dá wọn lóhùn.”

Ẹ̀ẹ̀kan ni Bàbá kú. Èyí tí ẹ kọ́kọ́ gbọ́, èmi ni mo kọ ọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ bíi tèmi, tí ẹ bá ti parọ́ torí pé ẹ fẹ́ kí ọ̀rọ̀ ẹlòmíì dùn parí, ẹ tètè sọ ọ́ ní ọjọ́ kìíní, nígbà tí ìtìjú nìkan ló máa jẹ́. Ẹ̀yin àgbà, ẹ foríjì mí. Tí ẹ ò bá sì lè foríjì mí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣe ohun kan yìí fún Àǹtí Fàúsátù: Jímọ̀ tó ń bọ̀ ni fídáù bàbá wọn gan-an, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán. Ẹ má sọ pé ẹ ti ṣe é. Ẹ tún wá. Èmi ò ní wọlé, ìta ni màá wà, màá máa fọ abọ́.