Ọwọ́ Ìyá Mi Lórí Sípíkà

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí oúnjẹ kò lọ lọ́fun mi mọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ gbogbo, bí ìyá mi bá ti kírun Alásárì tán, á wọ́ àpótí ìjókòó rẹ̀ sún mọ́ sípíkà, á gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e, á máa bá bàbá mi tó ti kú sọ̀rọ̀. Ohùn tó sì ń jáde níbẹ̀ kì í ṣe ti bàbá mi! Gbogbo agboolé ló mọ̀, òun nìkan ni kò mọ̀. Èmi ni mo sì fà á.

Iṣẹ́ rédíò títúnṣe ni mò ń ṣe ní Bẹẹrẹ. Bàbá mi ló máa ń gbé ẹ̀rọ ohùn lọ síbi yìgì àti ìsọmọlórúkọ láti Ọjà'ba títí dé Mọ́lété. Sípíkà gìrìwò méjì ló fi sílẹ̀ fún wa ní Bẹ́yẹrúnkà, àti kásẹ́ẹ̀tì kan tí wọ́n gba ohùn rẹ̀ sí níbi tó ti ń kí àwọn àlejò káàbọ̀. Nígbà tí etí ìyá mi di, ó ní, "Àkànní, sípíkà bàbá rẹ nìkan ló lè wọ̀ mí létí. Bá mi tan án." Ampilifáyà, ẹ̀rọ àtijọ́ tó ń fún sípíkà náà lágbára, ti bàjẹ́, apá àwọn ampilifáyà pẹlẹbẹ òde òní ò sì ká a. Bí mo bá so wọ́n mọ́ra, wọ́n á gbóná, wọ́n á dákẹ́. Ló bá di pé kí n fọwọ́ ara mi ṣe èyí tó ń lo fáàfù, àwọn gílóòbù tó máa ń pọ́n yòò nínú rédíò ayé àtijọ́. Mo ń tú òkú rédíò kiri ilé àwọn àgbà, mo ń wé wáyà tiransifọ́mà títí ìka mi fi bó.

Lọ́jọ́ tí mo ṣe é tán, fáàfù pọ́n, inú mi dùn dé gongo. Mo ki kásẹ́ẹ̀tì bàbá mi bọ inú rédíò tí mo so mọ́ ọn. Yéè! Ọ̀rinrin ti jẹ ẹ́ tán, híhó lásán ló ń hó. Bẹ́ẹ̀ ìyá mi ti gbé ọwọ́ lé sípíkà, ó ń wò mí lójú. Kí lẹ̀yin ì bá ṣe? Mo sáré fi kásẹ́ẹ̀tì wáàsí kan tó wà nítòsí rọ́pò rẹ̀. Sípíkà náà gbọ̀n lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ó rò pé ohùn bàbá mi ni, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀.

"Bàbá wọn," ó ní, "ẹ má bínú. Ẹ pè mí lọ́jọ́ yẹn láti inú yàrá, mo gbọ́. Ìjà àárọ̀ ló wà nínú mi tí mi ò fi dá yín lóhùn. Ìgbà tí mo máa wọlé, ẹ ti lọ."

Mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí rí láti ọjọ́ tí bàbá mi ti kú. Ojoojúmọ́ ló wá ń tọrọ àforíjì. Lánàá, ó yíjú sí mi, ó rẹ́rìn-ín: "Àkànní, ó ti dárí jì mí."

Òótọ́ dọ́jà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ ni wọ́n ń ra èké. Ṣé kí n pariwo òótọ́ sí i létí, kí n gba àforíjì náà lọ́wọ́ rẹ̀? Àbí kí n máa tan ìyá tó bí mi lọ́mọ jẹ? Ọ̀kan nínú fáàfù náà ti ń kú lọ. Bó bá kú, ọ̀rọ̀ parí, kò sẹ́ni tó máa dá mi lẹ́bi. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí ìrọ̀lẹ́ tó dé o, torí láti àárọ̀ ni mo ti ń wá fáàfù mìíràn kiri Oríta-mẹ́rin.