Ìyá Àṣàkẹ́ Dé Kòtò Omi Rẹ̀

Wọn yóò pa mí. Ilé ẹjọ́ ti dá a, wọ́n tún un dá, wọ́n sì tún un dá lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìwé ìtọrọ àánú mi wà níwájú olórí orílẹ̀-èdè wa ní Kútọnu, èyí tó jẹ tuntun yìí, nítorí àwọn tó jẹ ṣáájú rẹ̀ kò pẹ́ lórí oyè tó láti kan ìwé tèmi. Bó bá ní kí n yè, ẹ̀wọ̀n ni n ó kú sí. Bó bá kọ̀, wọn yóò mú mi jáde ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan. N kò sá. Ọkùnrin ni mí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, bí ẹ bá rí ọ̀rọ̀ tí mo kọ ní wíwọ́, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Ìwé tí mo kà nílé kò ju kí n mọ orúkọ ara mi kọ lọ. Nínú ẹ̀wọ̀n níbí ni ẹnì kan tó ti ṣe tísà rí ti kọ́ mi ní ìyókù. Mo yára mọ̀ ọ́n. Kò sí ohun tí wọ́n fi kọ́ mi rí tí n kò yára mọ̀.

Ẹ béèrè mi ní Kétu, ẹ béèrè mi dé Òpómẹ́ta. Lórí ilẹ̀ wa lọ́hùn-ún, ẹ lè gbẹ́ kànga títí ọwọ́ yín yóò fi bó, omi kò ní yọ. Òjò là ń mu. Kòtò là ń gbẹ́ sínú ilẹ̀ pupa líle, ẹnu rẹ̀ á há, ikùn rẹ̀ á fẹ̀ bí ìkòkò ńlá, omi òjò á sì ṣàn wọ inú rẹ̀. Òun ni ìdílé yóò máa mu ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn. Èmi ni mo ń gbẹ́ irú kòtò bẹ́ẹ̀. Àwọn mìíràn náà ń gbẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n tiwọn a máa jò. Tèmi kì í jò.

Èmi ni mo gbẹ́ ti ilé Ìyá Àṣàkẹ́, ní abúlé wa. Ọkọ rẹ̀ wà ní oko kòkó ní Nàìjíríà. Òun àti ìyá ọkọ rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà, ni wọ́n jọ ń gbé, pẹ̀lú Àṣàkẹ́, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n ní. Igi ìrókò ni mo fi ṣe ìdérí kòtò náà. Ó wúwo débi pé obìnrin méjì ló ń gbé e, wọn kò sì lè gbé e lọ jìnnà; ẹ̀gbẹ́ ẹnu kòtò níbẹ̀ náà ni wọ́n ń tẹ́ ẹ sí. Bí mo bá wá yẹ kòtò wò, èmi nìkan ni n ó gbé e, n ó gbé e lọ fi ti ìdí igi máńgòrò lẹ́yìn àgbàlá, kó má bàa dí mi lọ́wọ́.

"Ẹ̀yin obìnrin yìí, ṣé ẹ jẹun lánàá?" ni mo máa ń wí.

Ìyá Àṣàkẹ́ a dá mi lóhùn pé, "Bàbá, ẹ kúkú gbé e dé Nàìjíríà, kí ẹ bá mi kí ọkọ mi."

Nígbà tí Àṣàkẹ́ dàgbà díẹ̀, òun ló ń di etí kejì ìdérí náà mú fún ìyá rẹ̀.

Ní ọdún tí mo fẹ́ sọ yìí, kòtò ilé tèmi là nínú. Ìyàwó mi ló kọ́kọ́ rí i.

"Bàbá Ìdòwú, omi wa ń lọ sílẹ̀ o. Ó dà bíi pé kòtò ń jò."

"Kòtò ta ni ń jò?"

"Ẹ má bínú. Ẹ jẹ́ kí n lọ tọrọ ìkòkò omi kan lọ́dọ̀ Ìyá Àṣàkẹ́. Wọ́n á fún wa tẹ̀rín-tẹ̀rín."

"Wọ́n á fún wa, wọ́n á sì rò ó dé ọjà Kétu pé kòtò ọ̀gá ń jò. Bí mo bá gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ, ìwọ àti èmi ni."

Kò lọ. Ó ń rìn lọ sọ́nà jíjìn lọ wá omi, ó ń purọ́ fún àwọn tó bá pàdé. Ojú tì mí fún un, ṣùgbọ́n n kò yí ọ̀rọ̀ mi padà. Nígbà tó di ọjọ́ ọjà tí abúlé dá páropáro, mo mú okùn àti ìkòkò, mo lọ ṣí kòtò Ìyá Àṣàkẹ́, mo pọn omi, mo dé e padà. Mo sọ fún ara mi pé kì í ṣe olè. Ta ló gbẹ́ kòtò? Ọ̀nà tí mo gbà wọ inú ọ̀ràn náà nìyẹn, ìkòkò omi kan péré.

Ní ọjọ́ ọjà kejì mo tún lọ. Oòrùn wà lókè gan-an. N kò mọ̀ pé ẹsẹ̀ ń dun Àṣàkẹ́, pé wọ́n fi í sílẹ̀ nílé. Ìkòkò mi ti kún nígbà tó yọ.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́. Omi wa lẹ ń pọn?"

"Kòtò ni mò ń yẹ̀ wò."

Ó wo ìkòkò, ó wo ojú mi, ó bú sẹ́rìn-ín. "Àgbà ń purọ́. Kòtò ọ̀gá ló ń jò." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́, ó ń fi í kọrin bí ọmọdé ṣe ń ṣe: ń jò, ń jò, ń jò.

"Àṣàkẹ́, dákẹ́."

Ó dákẹ́ lóòótọ́. Ó sún mọ́ mi, ó ní, "Ẹ má bínú, Bàbá. Mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìyá mi nìkan ni màá sọ fún. Wọ́n á máa fún yín lómi."

Ìyá mi nìkan. Ọ̀rọ̀ àánú ni ọmọ náà sọ, ṣùgbọ́n ohun tí mo gbọ́ ni gbogbo ọjà Kétu tó ń rẹ́rìn-ín. Mo tì í. Ó bọ́ sínú kòtò.

Ó yọrí. Ó pè mí. "Bàbá, ẹ na okùn sí mi." Okùn wà lọ́wọ́ mi. Mo ti fa ewúrẹ́ yọ nínú kòtò rí, mo ti fa géńdé ọkùnrin yọ, kò sì sí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà tó mi. Mo ká okùn mọ́ ọwọ́, mo gbé ìkòkò mi, mo lọ sílé. Ìdérí wà ní ìdí máńgòrò níbi tí mo gbé e sí. Mo fi í sílẹ̀ níbẹ̀, kí wọ́n lè sọ pé ìyá rẹ̀ ni kò dé kòtò.

Bí wọ́n sì ṣe sọ nìyẹn. Èmi ni wọ́n sáré wá pè pé kí n wọlé lọ gbé e. Mo gbé e jáde. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, mo sì gba ọpẹ́.

Ọkọ dé láti Nàìjíríà. Ojú mi ló ṣe.

"Ta ló ṣí kòtò sílẹ̀?"

"Èmi àti Àṣàkẹ́ la jọ dé e kí n tó lọ sọ́jà."

"Ẹni tó kú lo wá fi ń ṣe ẹlẹ́rìí."

Ó kó ẹrù rẹ̀ síta. Obìnrin náà padà sọ́dọ̀ àwọn ẹbí rẹ̀ ní Adakplamè, èmi sì ń lọ sóko mi.

Mo gbọ́n kòtò náà gbẹ, mo fọ̀ ọ́ mọ́. Òjò rọ̀, ó kún. Àṣà àwa agbẹ́kòtò ni pé ẹni tó fọ kòtò ni yóò kọ́kọ́ mu omi rẹ̀, kí ará ilé tó mu. Ìyá Àgbà bu omi sínú igbá, ó gbé e fún mi níwájú gbogbo ènìyàn. N kò lè gbé e dé ẹnu. Omi ń dà sí mi lẹ́sẹ̀.

"Inú ló ń run mí," ni mo wí.

"Inú ló ń run yín, ọwọ́ yín ló wá ń gbọ̀n?" Ìyá Àgbà gba igbá náà padà. "Mi ò rí ọ̀gá tó ń bẹ̀rù omi tó fọwọ́ ara rẹ̀ tún ṣe rí."

Ó gba Kétu lọ, ó sì mú ọlọ́pàá kan wá, irú èyí tí à ń pè ní jándámù. Ọmọ Àjàṣẹ́ tòsí Kútọnu ni, ó gbọ́ èdè wa. Ó wo ìdérí, ó gbìyànjú láti gbé e, ó fi í sílẹ̀.

"Bàbá, eléyìí wúwo o. Ṣé ẹnì kan wà tó lè dá a gbé?"

"Kúrò níbẹ̀, oníbàtà," ni mo wí. Mo gbé e. Mo gbé e kọjá níwájú gbogbo wọn, mo fi ti ìdí máńgòrò, mo gbọn ọwọ́ mi. Inú mi dùn, n kò parọ́ fún yín.

Ìyá Àgbà sọ jẹ́jẹ́ pé, "Ibẹ̀ gan-an la bá a lọ́jọ́ tí Àṣàkẹ́ kú."

Jándámù náà kò pariwo. Ó ní, "Bàbá, ẹ wọ bàtà yín, ká máa lọ."

Ìjọba fún mi ní agbẹjọ́rò, àfókà kan tó mọ̀wé. Ó ní kí n má jẹ́wọ́. Ó ní ká sọ pé obìnrin náà kò dé kòtò, pé àwọn tó sáré wá gba ọmọ là ló gbé ìdérí kúrò lọ́nà. Gbogbo ẹjọ́ mi wá dúró lórí ohun kan ṣoṣo: ṣé ó dé e àbí kò dé e?

Ní ìgbà àkọ́kọ́, adájọ́ bi Ìyá Àṣàkẹ́. Ó ní, "Mo dé e." Wọ́n dá ikú fún mi. Àfókà mi gbé ẹjọ́ lọ sí ilé ẹjọ́ tó ga jù, wọ́n ní àṣìṣe wà níbẹ̀, ká tún un ṣe. Ọdún gorí ọdún. Ní ìgbà kejì ó ní, "Mo rò pé mo dé e." Mo gbọ́ ọ, mo rẹ́rìn-ín nínú. Wọ́n tún dá ikú. Ìwé àánú lọ, àwọn ológun gba ìjọba, ìwé padà. Àfókà mi tún rí àṣìṣe mìíràn, wọ́n tún pè wá.

Ìyá Àṣàkẹ́ ti hewú nígbà náà. Ó gbẹ bí igi ìdáná. Adájọ́ bi í gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn.

Ó ní, "Mi ò mọ̀ mọ́, ẹ̀yin ọ̀gá. Ó lè jẹ́ pé èmi ni mo pa ọmọ mi."

Àfókà mi fọwọ́ kàn mí léjìká, ó ní, "Bàbá, ẹ ti yè."

Ẹ̀yin ènìyàn, mo ní ìgbéraga, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ìdérí tí obìnrin méjì ń gbé, tí mo fi ń yangàn pé èmi nìkan ló lè gbé e, mo wo obìnrin yìí, mo rí i pé òun nìkan ló ti ń gbé e láti gbogbo ọdún wọ̀nyí. Mo dìde. Àfókà fà mí láṣọ, mo já ọwọ́ rẹ̀ dànù.

"Ó dé e," ni mo wí. "Èmi ni mo ṣí i. Èmi ni mo ti ọmọ náà. Ó ní kí n na okùn sí òun, okùn wà lọ́wọ́ mi."

Ìyá Àṣàkẹ́ kò sunkún, kò sì bú mi. Ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó ní, "Òótọ́ ni. Ìka Àṣàkẹ́ há sábẹ́ ìdérí bí a ṣe ń dé e láàárọ̀ ọjọ́ náà. Mo fẹ́ atẹ́gùn sí ìka náà kí n tó lọ."

Ó jókòó. Kò wo ọ̀dọ̀ mi mọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kà á, n kò ní kí ẹ má yangàn bí ẹ bá mọ iṣẹ́ ṣe. Mo mọ iṣẹ́ mi, mo sì ń yangàn títí di òní. Ṣùgbọ́n bí omi bá tán nílé rẹ, jáde síta kí o sọ pé ó tán. Kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín kì í pa ènìyàn, èmi ni mo pa ènìyàn nítorí ẹ̀rín. Omi tí mo lọ jí, wọn ì bá bù ú fún mi kí n tó tọrọ tán.

Ẹnikẹ́ni nínú yín tó bá ń kọjá lọ sí Adakplamè tàbí tó bá ná ọjà Kétu, kó bá mi sọ ọ́ sókè, kí àwọn tó wà níbẹ̀ gbọ́ ọ. Kòtò tèmi jò. Ìyá Àṣàkẹ́ dé tirẹ̀.