Àjàrà Tí Bàbá Mi Gbàdúrà Sí

Ẹ bá mi jókòó díẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìtàn mi yìí. Bí inú mi ṣe dùn tó lónìí, ìbànújẹ́ kékeré kan ṣì wà nínú rẹ̀ tí n kò lè gbé mì. Èmi àti Gbénga ọkọ mi ní ọgbà àjàrà tiwa lẹ́yìn Harburg, ní Hamburg níbí, níbi tí òtútù ti ń wọ ènìyàn dé egungun. Wáìnì funfun tí a ń ṣe níbẹ̀ ti wà lórí tábìlì àwọn òyìnbó tí wọ́n kọ́kọ́ fi wá rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bàbá tó bí mi lọ́mọ kò fi ẹnu kàn án rí, kò sì ní í fi ẹnu kàn án láéláé. Ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún tí kò ní í ní àṣejù ló ń dà mí láàmú?

Àgbà ìjọ Aládùúrà ni bàbá mi ní Gesundbrunnen, ní Berlin, níbi tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà. Ọtí kì í wọ ilé wa, kódà bí àlejò bá gbé e wá, ó gbọ́dọ̀ gbé e padà. Àmọ́ ọmọ àgbẹ̀ ni Bàbá, láti Èkìtì. Nígbà tí yìnyín bá bo fèrèsé wa, ìtàn àkùrọ̀ bàbá tirẹ̀ ló máa ń sọ fún wa: bí ẹ̀ẹ̀rùn bá gbẹ ẹ̀fọ́ gbogbo ìlú, tiwọn nìkan ni yóò máa tutù yọ̀yọ̀ létí odò. Nítorí náà, nígbà tí Gbénga bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ kórè àjàrà ní gúúsù, tó padà wá sọ pé òun fẹ́ gbin tòun ní Harburg tó ti kàwé, tó sì ti ń ṣiṣẹ́, mo mọ̀ pé ọ̀dọ̀ Bàbá ni ọ̀rọ̀ máa ti le. Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó tí mò ń ṣe ní Moabit, ní Berlin, ti sú mi, mo fẹ́ oko náà tọkàntọkàn. A lọ sọ ọ́ fún Bàbá. Ó wá ní àjàrà wà nínú Bíbélì, ohun tí a bá fi ṣe, àárín àwa àti Ọlọ́run wa nìyẹn, ṣùgbọ́n kí a jẹ́ kí òun bá wa wo ilẹ̀.

Ó wọ train wá, aṣọ funfun rẹ̀ nínú báàgì. Opó òyìnbó tó fẹ́ yá wa ní ilẹ̀ fi ibi méjì hàn wá: gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè kan tó kún fún òkúta àti ẹ̀gún, àti ilẹ̀ pẹrẹsẹ kan nísàlẹ̀, létí kòtò omi, tí erùpẹ̀ rẹ̀ dúdú bí àmọ̀. Bàbá bu erùpẹ̀ ìsàlẹ̀ sọ́wọ́, ó gbóòórùn rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní àkùrọ̀ bàbá òun rèé. Ó bọ́ bàtà, ó wọ aṣọ àdúrà, ó sì gbàdúrà sórí ilẹ̀ náà títí òógùn fi bò ó nínú òtútù. Ṣebí wọ́n ní ohun tí àgbà bá rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun orí igi, kò lè rí i? A kò tilẹ̀ bi aládùúgbò kan ṣoṣo léèrè. Bàbá ti sọ̀rọ̀, ó parí. A kó lọ sí Hamburg, a sì gbin gbogbo rẹ̀ sí ìsàlẹ̀.

Ní oṣù karùn-ún ọdún kejì, nígbà tí èéhù tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ lára àjàrà, ìrì dídì bọ́ sílẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, gbogbo rẹ̀ ti dúdú bí ẹ̀fọ́ tí iná jó. Mo jókòó sínú ẹrẹ̀, mo sunkún bí ẹni tí òkú kú fún. Ìròyìn dé Berlin kí n tó délé. Àwọn kan nínú ìjọ ní Ọlọ́run ló jó ọgbà ọtí. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju àdánù lọ. Ọjọ́ tí mò ń ru àwọn igi tó ti kú náà gòkè lọ síbi tí a ti fẹ́ sun wọ́n ni mo ṣàkíyèsí ohun kan. Igi ẹlẹ́gùn-ún tó wà létí kòtò ti rọ, ṣùgbọ́n irú rẹ̀ kan náà tó wà lórí òkè ń tanná. Mo pe Gbénga wá wò ó. Òtútù dà bí omi, ìsàlẹ̀ ló ń ṣàn lọ, ibẹ̀ ló sì ń dúró sí. Ilẹ̀ tó dára jù ní Èkìtì ni ikú àjàrà ní Harburg!

Báwo lèèyàn ṣe ń sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó bọ́ bàtà gbàdúrà? Mo sọ ọ́ fún un lórí fóònù. Bàbá ní, “Ilẹ̀ tí mo gbàdúrà sí lẹ fẹ́ fi sílẹ̀? Ó dáa.” Kò bínú pariwo, ì bá sàn kó pariwo. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá pè é, á dáhùn ìkíni, á béèrè ọmọ mi, á ní òun fẹ́ jáde. Kò wá sí Harburg mọ́. Èmi àti Gbénga ṣa òkúta, a gé ẹ̀gún, a tún àjàrà gbìn sórí òkè lẹ́yìn iṣẹ́ àti ní Sátidé, títí ẹ̀yìn fi ń ro wá bí arúgbó. Mò ń fi òwe gba ara mi níyànjú pé ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Àmọ́ kí ni ẹwà náà já mọ́ fún mi bí Bàbá kò bá ní í fi ẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀?

Ọdún kẹta tí a gbìn ín sórí òkè pé, àjàrà wa fẹ́ so fún ìgbà àkọ́kọ́, ni ìrì dídì tún dé nínú oṣù karùn-ún. Mò ń wọ bàtà òjò láàárọ̀ nígbà tí fóònù dún. Bàbá ni.

“Mo ti wà nínú train. Minus méjì ni Harburg. Àjàrà yín ńkọ́?”

Mo bi í pé báwo ló ṣe mọ̀.

“Ṣé o rò pé mi ò kí ń check weather yín ni? Látìgbà tẹ́ ẹ ti gun òkè yẹn, kò sí àárọ̀ tí mi ò wò ó.”

Ẹ̀yin èèyàn mi! Gbogbo ọdún tí mo fi rò pé ó ti já mi sílẹ̀!

Nísàlẹ̀, koríko funfun bí ẹni da iyọ̀ sí i. Funfun náà gun òkè dé ìdajì, ó sì dúró. Lókè, ewé wa tutù, kò sí ọ̀kan tó rọ. Kí Bàbá tó dé, oòrùn ti yọ. Ọmọbìnrin mi ló kọ́kọ́ rí i, ó kígbe pé, “Mama, Opa hat keine Schuhe an!” Lóòótọ́, Bàbá ti bọ́ bàtà rẹ̀ nísàlẹ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ lásán tẹ òkúta tútù gòkè bọ̀. Ó fọwọ́ kan ewé kan, ó wẹ̀yìn wo kòtò omi, ó ní:

“Ìsàlẹ̀ ni mo ti gbàdúrà. Òkè ni Ọlọ́run ti dáhùn.”

Nígbà ìkórè, àwọn tó sọ pé Ọlọ́run ló jó ọgbà wa wọ train láti Berlin wá bá wa já àjàrà, wọ́n ń kọrin, wọ́n sì ń jẹ ẹ́ ju bí wọ́n ṣe ń kó o sápẹ̀rẹ̀ lọ. Omi àkọ́kọ́ tó jáde láti inú ìfúntí, kó tó di ọtí, Gbénga rọ ọ́ sínú ìgò fún Bàbá. Òun ni ìjọ fi ṣe oúnjẹ alẹ́ Olúwa. Mo wà níbẹ̀. Bàbá gbé ife náà mu, ó sì wò mí lójú.

Síbẹ̀, ọkàn mi ṣì ń fẹ́ kó tọ́ wáìnì wa wò lẹ́ẹ̀kan péré. Ẹ bá mi sọ òótọ́: ṣé ojúkòkòrò kọ́ nìyẹn? Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí òbí yín ti bá yín bínú dákẹ́, ẹ má tètè sọ pé wọ́n ti gbàgbé yín. Ẹ pè wọ́n. Ó lè jẹ́ pé láràárọ̀ ni wọ́n ń wo ojú ọjọ́ ìlú tí ẹ wà.